Níbo ni àwọn ọlọ́dẹ dúró sí? Ìdáhùn lórí sẹ́ẹ̀lì ìdènà àrùn nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Manchester ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá mi, ẹni ọdún 68, tí wọ́n gé apá kan ẹ̀dọ̀fóró wọn kúrò nítorí jẹjẹrẹ tó wà ní ìpele kejì. Bàbá mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó jáwọ́. Ìwé àbájáde àyẹ̀wò sọ pé sẹ́ẹ̀lì ìdènà àrùn pọ̀ gan-an nínú kókó tí wọ́n yọ, ó sì sọ pé PD-L1 jẹ́ 60%. Dókítà wọn ní ìròyìn tó dára ni. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó pa jẹjẹrẹ bá ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí wọn kò pa á? Ṣé ohun tí dókítà ń sọ ni pé Bàbá máa pẹ́ láyé?"

Ìdáhùn: Ẹ kú aájò Bàbá o. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà, á sì fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú wọn lókun.

Dókítà yín kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń ka sẹ́ẹ̀lì ìdènà àrùn nínú kókó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n yọ lára aláìsàn, tí wọ́n sì ń bá àwọn aláìsàn náà lọ fún ọdún púpọ̀ láti mọ bí ara wọn ṣe rí. Ohun tí wọ́n ń rí léraléra ni pé àwọn tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí pọ̀ nínú kókó wọn sábà máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tí tiwọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín àkọ́kọ́, ìyẹn ìdí tí wọn kò fi pa á, ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Òun ni mo máa kọ́kọ́ mú.

Ẹ jẹ́ ká pe àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ní ọlọ́dẹ. Oríṣiríṣi ni wọ́n, gbogbo wọn sì jẹ́ ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, àmọ́ èyí tí a ń wá jù lọ ni sẹ́ẹ̀lì T tó ní àmì tí wọ́n ń pè ní CD8 lára. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ó ti ń ṣẹ̀ wá, á sì lọ kọ́ṣẹ́ nínú ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà. Ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ ni bí a ṣe ń yẹ àtẹ wò. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló ń pàtẹ: wọ́n ń gé díẹ̀díẹ̀ lára àwọn purotéènì inú wọn, wọ́n sì ń kó o síta, bí ìyálọ́jà ṣe ń kó ọjà díẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù kí èrò lè mọ ohun tó ń tà. Ọlọ́dẹ CD8 á máa kọjá, á máa wò ó. Bí ó bá rí ọjà tí kò mọ̀, bóyá ti kòkòrò àrùn tàbí ti jẹjẹrẹ, á rọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, á lu ara rẹ̀ ní ihò, á sì da májèlé sínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà á kú.

Èéfín sìgá a máa ba àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn DNA, jẹ́ ní ojú ibi púpọ̀. Nítorí náà, àtẹ jẹjẹrẹ ẹni tó ti mu sìgá pẹ́ sábà máa ń kún fún ọjà àjèjì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó pe ọlọ́dẹ jọ sínú kókó Bàbá nìyẹn.

Wọ́n pé jọ, wọn kò sì pa á. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò tó fo ìgànná wọlé. Ọmọ inú ilé ni, ó sì mọ ibi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sí. Nígbà mìíràn á palẹ̀ àtẹ rẹ̀ mọ́, tí ọlọ́dẹ á fi kọjá láìrí nǹkan kan. Nígbà mìíràn, ọlọ́dẹ ti rí i, ó ti gbéjà kò ó, àmọ́ ìjà náà ti pẹ́ jù. Sẹ́ẹ̀lì T tó bá ń kojú ọ̀tá kan náà fún oṣù mélòó kan, fún ọdún mélòó kan, a máa rẹ̀ ẹ́. Á wà lójú iṣẹ́, ẹ ó rí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ó kà á mọ́ àwọn tó kù, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́. Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn olùwádìí ní Singapore fi hàn ní 2018: púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n bá nínú kókó jẹjẹrẹ kò mọ jẹjẹrẹ náà rí. Àrùn bíi fúlúù ni wọ́n mọ̀, wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni. Nítorí náà, bí a bá ka ọlọ́dẹ ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún ló ń bá olè jà.

Ọ̀rọ̀ ìjánu ló wá kàn, nítorí òun ni nọ́ńbà 60% tí ẹ rí nínú ìwé náà ń sọ. Ọlọ́run kò dá ọlọ́dẹ láìsí ìjánu lẹ́nu. Bí kò bá sí ohun tó ń fà á sẹ́yìn, á ba ara tó yẹ kó máa ṣọ́ jẹ́. Ọ̀kan lára ìjánu yìí ni PD-1, tí Tasuku Honjo àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Kyoto, ní orílẹ̀-èdè Japan, ṣàwárí ní 1992. James Allison ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí ìjánu mìíràn tó ń jẹ́ CTLA-4, àwọn méjèèjì sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. PD-L1 ni ọwọ́ tó ń fa ìjánu PD-1. Ara gidi ló ni ọwọ́ náà, àmọ́ jẹjẹrẹ ti kọ́ bí a ṣe ń lò ó: á gbé PD-L1 wọ̀, bí ọlọ́dẹ bá sì sún mọ́ ọn, á fa ìjánu rẹ̀, ọlọ́dẹ á dúró gbọ̀ọ̀. 60% túmọ̀ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n yẹ̀ wò lára Bàbá, ọgọ́ta ló gbé ọwọ́ yìí wọ̀.

Ó jọ ìròyìn burúkú, àbí? Ẹ dúró ná. Ohun tó sábà máa ń mú kí jẹjẹrẹ gbé PD-L1 wọ̀ ni pé ọlọ́dẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í nà án. Bí sẹ́ẹ̀lì T bá rí ọ̀tá, á tú èròjà kan tó ń jẹ́ interferon gamma síta láti fi pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Jẹjẹrẹ náà ń gbọ́ igbe yìí, á sì yára wá ohun tó máa fi gba ara rẹ̀ là. Bí a bá rí ọlọ́dẹ púpọ̀ àti PD-L1 púpọ̀ nínú kókó kan náà, ohun tó sábà ń túmọ̀ sí ni pé ìjà ń lọ níbẹ̀, ẹnì kan ló di ìjánu mú. Ìjánu sì jẹ́ ohun tí oògùn lè tú. Èyí tó ń kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá àwa dókítà ni kókó tí kò sí ọlọ́dẹ kankan nínú rẹ̀, tó dákẹ́ bí ahoro. Kí la fẹ́ tú ìjánu rẹ̀ níbẹ̀?

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ibi tí àwọn ọlọ́dẹ náà wà, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ ni ìwé àbájáde kì í sábà ṣàlàyé tó. Ẹ fi kókó jẹjẹrẹ wé agbo ilé. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra wọn a máa kóra jọ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, ìyẹn ni àwọn yàrá. Láàárín yàrá sí yàrá, ẹran ara mìíràn wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, tó gbé ilé náà dúró. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Òde ilé ni ẹ̀dọ̀fóró tí jẹjẹrẹ kò tíì dé. Ọlọ́dẹ lè kún ojúde kó má wọlé rárá. Ó lè wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó dúró síbẹ̀, ó sì lè wọ yàrá lọ bá olè. Bí ẹ bá kàn sọ pé "ó pọ̀" láìsọ ibi tó wà, ẹ kò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ní 2008, àwọn olùwádìí ní ìlú Tromsø, ní àríwá Norway, gbé kókó tí wọ́n yọ lára aláìsàn 335 jáde, wọ́n sì ka ọlọ́dẹ inú yàrá lọ́tọ̀, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́tọ̀. Èmi ì bá rò pé àwọn tó wọ yàrá ló máa ṣe pàtàkì jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ti yàrá ní ìtumọ̀ lóòótọ́, àmọ́ CD8 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní àmì CD4, àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ló fi hàn kedere jù ẹni tí jẹjẹrẹ náà kò ní tètè pa, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ìpele àrùn àti àwọn nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ní 2015 wọ́n kó àwọn aláìsàn tó sún mọ́ 800 jọ láti ilé ìwòsàn mélòó kan, gbogbo wọn ti ṣe iṣẹ́ abẹ bíi ti Bàbá. Ohun kan náà ni wọ́n bá. Nínú ìpele kìn-ín-ní, nínú ìkejì, nínú ìkẹta, àwọn tí CD8 kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ kókó wọn ló pẹ́ jù. Èyí ló jẹ́ kí wọ́n dábàá pé kí a máa fi iye CD8 kún ọ̀nà tí a fi ń pín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sí ìpele.

Ìmọ̀ràn yẹn kò ti Norway bẹ̀rẹ̀. Ní 2006, Jérôme Galon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris ti fi hàn nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá pé irú ọlọ́dẹ tó wà, iye rẹ̀, àti ibi tó dúró sí lè sọ ọjọ́ iwájú aláìsàn ju bí kókó náà ṣe tóbi tó lọ. Ọ̀rọ̀ yìí mì àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ nígbà náà. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní Paris kan náà, Marie-Caroline Dieu-Nosjean àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí ohun kan nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún ènìyàn.

Nínú kókó àwọn aláìsàn kan, kì í ṣe pé ọlọ́dẹ kàn fọ́n káàkiri. Wọ́n kọ́ àgọ́ síbẹ̀. Ẹ mọ àwọn kókó kéékèèké tó máa ń wú sí wa lọ́rùn tàbí abíyá bí ara kò bá yá? Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ìdènà àrùn ti ń pàdé, tí wọ́n ti ń kọ́ ara wọn níṣẹ́. Ohun tó jọ ọ́ gan-an ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà dá sílẹ̀ sínú jẹjẹrẹ: sẹ́ẹ̀lì B tó ń ṣe ohun ìjà fún ẹ̀jẹ̀ wà láàárín, sẹ́ẹ̀lì T yí i ká, àwọn sẹ́ẹ̀lì olùkọ́ tó ń mú ọjà olè wá fi hàn wọ́n sì wà láàárín wọn. Wọn kò dúró kí iṣẹ́ ti òkèèrè wá. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ogun tuntun lójú ogun, nínú ilé olè gan-an! Àwọn tí irú àgọ́ yìí pọ̀ nínú kókó wọn, tí àrùn náà kò sì tíì lọ jìnnà, pẹ́ láyé ju àwọn tí kò ní in. Láti ìgbà náà, wọ́n ti rí àgọ́ yìí nínú jẹjẹrẹ mìíràn pẹ̀lú.

Ẹ lè bi mí pé ṣé gbogbo ilé ìwòsàn ló lè ka nǹkan wọ̀nyí. Kíka CD8 gba kẹ́míkà pàtàkì. Ṣùgbọ́n ní 2016, àwọn olùwádìí mìíràn yẹ kókó àwọn aláìsàn tó lé ní 1,500 wò, àwọn tó ti kópa nínú ìwádìí oògùn kẹmó, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Aró lásán tí a fi ń kun ẹran ara lójoojúmọ́ ni wọ́n lò, ojú dókítà ló sì díwọ̀n rẹ̀. Àwọn tí ọlọ́dẹ kún kókó wọn dẹ́múdẹ́mú kò pọ̀, àmọ́ wọ́n pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ dáadáa. Ẹ fi èyí sọ́kàn: iye ọlọ́dẹ kò sọ ẹni tí kẹmó máa ṣiṣẹ́ fún. Bí dókítà bá ní kí Bàbá gba kẹmó, ẹ má ṣe sọ pé "ṣebí ọlọ́dẹ pọ̀ lára wọn" kí ẹ fi kọ̀ ọ́.

Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ìdènà àrùn kọ́ ló sì jẹ́ ọ̀rẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan wà láàárín sẹ́ẹ̀lì T tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pàrọwà, kí ọlọ́dẹ má bàa lu ọmọ onílé. Iṣẹ́ ńlá ni, òun ló fa ẹ̀bùn Nobel ti 2025 fún Shimon Sakaguchi, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell. Nínú jẹjẹrẹ, onílàjà yìí a máa gbè sẹ́yìn olè. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹ̀dọ̀tí tó ń gbá ìdọ̀tí ara mọ́ náà lè yí padà, kí wọ́n wá máa la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tuntun fún jẹjẹrẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ bi í pé irú sẹ́ẹ̀lì wo ló pọ̀, ibo ló sì wà.

Ṣé Bàbá máa pẹ́ láyé? N kò ní purọ́ fún yín. Ohun tí mo sọ lókè yìí jẹ́ ti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí a kó pọ̀. Nínú àwọn tí ọlọ́dẹ pọ̀ lára wọn, a rí ẹni tí àrùn náà padà sí lára. Nínú àwọn tí kò ní rárá, a rí ẹni tó ṣì ń rìn káàkiri lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ohun tó ṣì wúwo jù ni ìpele àrùn náà, bóyá ó ti dé inú kókó ìdènà àrùn tó wà ní àyà, bóyá etí ibi tí wọ́n gé mọ́ tónítóní, bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tó kù ṣe lágbára tó, àti pé kí Bàbá má padà sí ìdí sìgá mọ́ láé. Iye ọlọ́dẹ ń fi ìwọ̀n díẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ tó dára. Mo gbà pé ó yẹ kí ẹ fi yọ̀.

Ibi tí ìròyìn náà ti wúlò fún yín nísinsìnyí ni ọ̀rọ̀ oògùn. Àwọn oògùn tó ń tú ìjánu ti wà. Fún àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti tàn kálẹ̀, tí PD-L1 wọn tó 50% tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ọ̀kan nínú wọn, pembrolizumab, wé kẹmó nínú ìwádìí kan tó kó aláìsàn 305 jọ. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nǹkan bí 32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní pembrolizumab ló wà láàyè, nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní kẹmó, nǹkan bí 16 ni. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn ni kì bá tí lo ọdún méjì láyé tẹ́lẹ̀ rí. Ti Bàbá kò tíì tàn tó bẹ́ẹ̀. Fún irú wọn, tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n sì ti gba kẹmó tán, oògùn atezolizumab wà, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2021. Ó ń dín bí àrùn náà ṣe ń padà kù, àwọn tí PD-L1 wọn ga sí 50% àti jù bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe láǹfààní jù. Ìdí nìyẹn tí 60% inú ìwé yẹn fi ṣe pàtàkì.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ EGFR àti ALK, ojú ibi méjì nínú àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì, wò nínú kókó náà. Jẹjẹrẹ tó ní àyípadà níbẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí kò mu sìgá rí, kì í sábà gbọ́ ti oògùn tó ń tú ìjánu. Oníṣègùn ní oògùn mìíràn fún un.

Fún òǹkàwé tí ẹni tirẹ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kíá. Ìwádìí tó jáde ní 2022 fi hàn pé bí a bá fún aláìsàn ní nivolumab, oògùn mìíràn tó ń tú ìjánu, pẹ̀lú kẹmó kí a tó gé kókó náà, nínú 24 lára ọgọ́rùn-ún, wọn kò rí ẹyọ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan tó wà láàyè mọ́ nígbà tí wọ́n yọ ọ́. Pẹ̀lú kẹmó nìkan, díẹ̀ lé ní méjì péré ni. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń ṣe ni pé nígbà tí kókó ṣì wà nílẹ̀, ọjà olè ṣì pọ̀ lórí àtẹ, ọlọ́dẹ tí a tú ìjánu rẹ̀ sì rí ohun tó máa fi kọ́ṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

Mo sì fẹ́ bẹ̀ yín lórí àgbo. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé máa fi oríṣiríṣi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé èyí ń gbé agbára ìdènà àrùn sókè, pé ìyẹn ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i báyìí pé kì í ṣe àìtó ọlọ́dẹ ni ìṣòro Bàbá. Ọlọ́dẹ wọn pọ̀, ìjánu ni wọ́n fi dá wọn dúró, kò sì sí àgbo tí a tíì rí ẹ̀rí pé ó ń tú u. Àwọn kan nínú rẹ̀ sì lè pa ẹ̀dọ̀ lára lásìkò tí ẹ̀dọ̀ náà ń bá kẹmó jà. Ohunkóhun tí Bàbá bá fẹ́ mu, kí dókítà wọn kọ́kọ́ mọ̀.

Èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi etí sí i dáadáa. Ọlọ́dẹ tí a tú ìjánu rẹ̀ lè ṣi ilé wọ̀. Ó lè lọ bá ìfun, kí ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Ó lè lọ bá ẹ̀dọ̀fóró tó kù, kí ikọ́ àti ìmí kúkúrú dé. Ó lè lọ bá ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, kí ó máa rẹ Bàbá láìnídìí. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti gba oògùn tán. Bí a bá tètè mọ̀, oògùn sitẹrọ́ìdì sábà máa ń pẹ̀tù sí i. Ní Manchester, wọ́n á fún Bàbá ní káàdì kékeré kan tó sọ irú oògùn tí wọ́n ń gbà. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì, kí káàdì náà wà nínú àpò wọn, kì í ṣe nínú àpótí ẹrù. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú wọn nílé, gbogbo ènìyàn á ní oúnjẹ ọjà ni. Bí wọ́n bá ń wúkọ́, wọ́n á ní ọyẹ́ ni, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ikọ́ ife. Dókítà tó bá rí káàdì náà máa mọ ohun mìíràn tó yẹ kó rò. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù.